Ọdún Tí Mọ́tò Bàbá Mi Ń Ké

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó nílò aago nínú ilé wa ní Ìkòsí. Ìró ló ń tò tẹ̀lé ìró. Ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìyá bàbá mi kò gbà pé ilẹ̀ mọ́ tí kì í bá ṣe òun ló gbá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ti gbá a kí ó tó sùn. Lẹ́yìn náà ni bútà àlùwàlá á máa ró lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n á pe ìrun, àwọn ayálégbé á máa húkọ́ láti yàrá dé yàrá bí ẹni ń dá ara wọn lóhùn. Yàrá mẹ́jọ ni, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin. Bí o bá sín nínú yàrá tìrẹ, yàrá ọ̀ọ́kán ló máa sọ pé pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni bàbá mi á jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, á yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò náà á sì han. N kò sọ pé ó dún o. Gbogbo mọ́tò ló ń dún. Tiwa ń han, gooro, bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù tí kò sì rí ẹni fẹjọ́ sùn. Ọmọ ọwọ́ á bú sẹ́kún, ajá ilé kejì á dáhùn, láńlọ́ọ̀dù á ṣí fèrèsé, á wo ìta, á tún pa á dé. Èmi ní tèmi, lórí ẹní tí Ìyá Àgbà ti dìde kúrò, màá rẹ́rìn-ín, màá fi ẹ̀gbẹ́ kejì lélẹ̀, màá tún sùn díẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń bú mọ́tò náà. Èmi nìkan ló ń gbádùn rẹ̀, mo sì ní ìdí.

Kí ọdún yẹn tó dé, bàbá mi kì í gbé ilé. Tìrélà tòmátì ló ń wà, láti òkè ọya lọ́hùn-ún wá sí Mile 12. Ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, kí a tó fojú kàn án. Bó bá dé, á gbé àpò àlùbọ́sà kan kalẹ̀, á sùn bí igi, á jí, á jẹun, á lọ. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i bí a ṣe ń kí àlejò. Á bi mí pé kíláàsì wo ni mo wà, màá sọ fún un. Bó bá tún dé, á tún bi mí. Ó ní báàgì dúdú kan tó ń gbé rìn. Bí báàgì yẹn bá wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàbá mi wà nílé. Bí ìṣó bá ṣófo, ó ti lọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ìta fèrèsé ni mo sì ń wò fún ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣó yẹn, mo kà á dáadáa. Nígbà tó yá, mọ́tò ògbólógbòó kan bọ́ sí bàbá mi lọ́wọ́, obìnrin kan ní Magodo sì gbà á pé kó máa gbé àwọn ọmọ òun mẹ́ta lọ síléèwé láàárọ̀, kó máa kó wọn bọ̀ lọ́sàn-án. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báàgì wà lórí ìṣó títí aláǹtakùn fi kọ́lé sí etí rẹ̀. Bàbá mi wá ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú wa lálaalẹ́, ó ń fi ìrù ẹja sínú àwo mi bí ẹni pé kò rí i, ó sì mọ kíláàsì mi láìbéèrè. Ìyá mi, tí ètè rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ (ẹni tó bá bá mi nájà á sọ pé mo jogún rẹ̀), ń pe mọ́tò náà ní orogún òun. Bó bá ti han láàárọ̀, á ní, "Bàbá Sìkírá, orogún mi ti ń pè yín o, ẹ lọ gbọ́ tiẹ̀."

Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú híhan. Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bí òròmọdìyẹ tó ṣáko ló ń ké, pìọ́, pìọ́, tó bá sì ti gbóná á dákẹ́. Nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ wa, a ní mẹkáníìkì mọ́kànlá. Láńlọ́ọ̀dù, tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ rí láyé rẹ̀, ní omi ló wọ inú epo bẹntiróòlù. Télọ̀ tó wà ní yàrá kẹta ní òtútù ló mú un, kí wọ́n máa da aṣọ bò ó. Ẹnì kan tilẹ̀ ní eku ló wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì gidi tí bàbá mi ń lò ń jẹ́ Múfú, abẹ́ igi kan ní Kétu ló ń jókòó sí. Múfú tẹ orí, ó di ojú, ó gbọ́ ọ, ó ní, "Bẹ́líìtì ni." Bẹ́líìtì ni okùn rọ́bà tó yí iwájú ẹ́ńjìnnì ká, òun ló ń fa fáànù, òun náà ló ń fa ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára, tí wọ́n ń pè ní ọ́tánétọ̀. Múfú ní kò ṣe nǹkan kan, ó dẹ̀ díẹ̀ ni, òun á wá fà á le lọ́jọ́ Sátidé. Òótọ́ ló sọ. Ká ní ó wá lọ́jọ́ náà, mi ò bá má ní nǹkan kan tí mò ń kọ. Wọ́n pè é sí ìsọmọlórúkọ, ó sì jẹ ìrẹsì débi tí kò rántí wa.

Ìyá Àgbà ní èrò tirẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ló pè. Ọ̀sán ni, èmi ti dé láti iléèwé, bàbá mi ti kírun, ó ti jẹ ẹ̀wà, ó ń sùn kí àsìkò àtilọ kó àwọn ọmọ Magodo tó tó. "Àṣàkẹ́," ó ní, oríkì mi nìyẹn, òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, "ọwọ́ tìẹ tín-ín-rín. Wá bá mi fa wáyà tí wọ́n fi ń ṣí orí mọ́tò yìí." Mo fà á, bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí. Ìyá Àgbà fa ìyẹ́ adìyẹ kan yọ láti inú gèlè, ó mú ìgò epo pupa kékeré jáde lábẹ́ ìró, ó ní Bísímílà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo kun bẹ́líìtì náà yíká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi epo ra ẹsẹ̀ ọmọ tó rọ́.

"Ìyá Àgbà, kí lẹ ń ṣe?"

"Bí ilẹ̀kùn bá gbẹ, kí ló máa ń ṣe?"

"Ó máa ń ké."

"Kí la fi ń sí i?"

"Epo."

"Ìwọ ọmọdé mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ọkùnrin wọ̀nyí ló ń rìn lọ sí Kétu lọ bèèrè." Ó nu ìyẹ́ adìyẹ náà, ó fi í pamọ́. "Epo lẹ̀rọ̀. Má sọ fún ẹnì kankan o. Ìwòsàn tí wọ́n bá ti pariwo ẹ̀ kì í jẹ́." Lẹ́yìn náà, kí n tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó rọra sọ fún un bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún ìyàwó ilé tó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde: "Jọ̀ọ́, má lé ọmọ mi padà sí ojú títì." Ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá mi jẹ́ fún un. Gbogbo ọdún tí ọmọ yẹn fi wa tìrélà, Ìyá Àgbà kì í sùn tí òjò bá ń rọ̀, ibi yòówù kí òjò náà ti máa rọ̀.

Nígbà tí bàbá mi jí tó sì yí kọ́kọ́rọ́ lọ́sàn-án yẹn, mọ́tò ṣiṣẹ́ láìké rárá. Ìyá Àgbà ṣẹ́jú sí mi láti orí àga rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fọ abọ́ tí wọn ò rán mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò tí ń ké bí òròmọdìyẹ tẹ́lẹ̀ han fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín: rọ́bà tó bá ti mu epo, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀, bó bá sì ti ń yọ̀ ló ń han. Ìyá Àgbà kò mọ̀. Ó ní, "Epo yẹn kéré ni." Lọ́sàn-án, ó fi púpọ̀ sí i. Ní ọjọ́ kẹta, ó fi ìyẹ́ adìyẹ sílẹ̀, ó ń fi ìka bu ú. Bó bá ti fi sí i tán, á dákẹ́ fún ọ̀sán kan, àárọ̀ á mọ́, á tún gba ìgboro. Báyìí ni ọ̀pọ̀ oògùn ṣe ń pa èèyàn, ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, ẹ̀rí tí mo fojú rí ni pé bí a bá ti kùn ún, ó ń dákẹ́.

Epo inú ìgò ìyá mi wá ń lọ sílẹ̀ bí omi inú kòtò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń jí nǹkan rẹ̀ jẹ. Ó ń fi ojú wọn epo bí alágbẹ̀dẹ wúrà. "Sìkírá, ta ló ń mu epo yìí?" Mo ní mi ò mọ̀, Màámi. "Iṣu ọ̀sán ni, àbí? Ò ń fi epo jẹ iṣu sísun lẹ́yìn mi." Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan péré, nítorí náà orúkọ mi wà nínú ìwé. Ó kó mi ní ìkó lórí, ó sì fòfin de ẹja fún mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ń wo òkè àjà. Mo jẹ ẹ̀bà mi láìsí ẹja, mo sì ń sọ fún ara mi pé ìwòsàn kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Bàbá mi rọra ti ìrù ẹja sínú àwo mi nígbà tí ìyá mi yíjú. Ohun tó jẹ́ kí n dákẹ́ gan-an nìyẹn, kì í ṣe ìwà rere. Ẹni tó ń ti ìrù ẹja sí èèyàn, èèyàn kì í fẹ́ kó padà sí ìdí tìrélà.

Múfú wá, nígbà tí ìrẹsì ti dà nínú rẹ̀. Epo náà ti bá ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì dúdú, kò fura sí i; ó ní bẹ́líìtì ti bàjẹ́, ó fi tuntun sí i. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà pè mí lọ́sàn-án. Mo ní, "Ìyá Àgbà, tuntun ni, kò ké." Ó wò mí bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. "Ọmọ tuntun tí wọ́n bí, kó tó sunkún ni wọ́n ṣe ń fi òróró ra á lára, àbí lẹ́yìn tó bá sunkún?" A ra á. Ó han. Múfú padà wá, ó di ojú, ó tẹ orí, ó ní, "Tó bá jẹ́ pé a ti pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ṣì ń ké, a jẹ́ pé kì í ṣe bẹ́líìtì. Ọ́tánétọ̀ ni." Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Bí ẹ bá wà ní ipò rẹ̀, ohun tí ẹ̀yin náà á sọ nìyẹn. Wọ́n wá ọ́tánétọ̀ tòkunbọ̀ fi sí i. Ìyá Àgbà ra á. Ó han. Múfú gbé púlì kan yọ, ìyẹn irin róbótó kékeré tí bẹ́líìtì ń yí gbà lára, ó mú òmíràn wá láti Ojota. Ó han. Lẹ́yìn tí mẹkáníìkì bá ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó mọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀sìn ló kù. Múfú jókòó lórí táyà, ó ní, "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń wo yín." Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi kò ti kí láńlọ́ọ̀dù dáadáa mọ́, torí pé òun ló ń ṣí fèrèsé láràárọ̀. Mo mọ ẹni tó ń wo mọ́tò náà. Ẹ̀wà ló ń ṣà lábẹ́ òrùlé, ó sì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ẹni tó ń dá ọmọ òun lóró hàn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá mi mú mi dání lọ sí Magodo. Mẹ́gáàdì tó wà ní géètì ti gbọ́ wa kó tó rí wa. Kò ṣí géètì. Ó fi ọwọ́ dá wa dúró, ó ní, "Baba, abeg, stop for here. Madam dey come." Àwọn ọmọ mẹ́ta náà bẹ́ jáde nínú mọ́tò, wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì ń yára rìn lọ bí ẹni tó ń bọ́ lọ́wọ́ òjò, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn wà lójú fèrèsé. Màmá wọn jáde wá fúnra rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́, tí kì í gbóhùn sókè. "Bàbá Sìkírá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ọmọ fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n àwọn ará ẹ́síteètì ti kọ lẹ́tà nípa ariwo yìí, ẹ̀ẹ̀mejì. Tó bá di Mọ́ńdè tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, màá ní láti wá ẹlòmíràn." Bàbá mi ní, "Mo dúpẹ́, Màdáàmù." Ó dúpẹ́. Mi ò tíì gbọ́ irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a kọjá Kétu, ẹ́ńjìnnì ló ń bá sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá tìrélà mi àtijọ́ ṣì ń wá dẹ́rẹ́bà." Nígbà tí a délé, ó yọ báàgì dúdú lórí ìṣó, ó fi ìgbálẹ̀ gbọn okùn aláǹtakùn ara rẹ̀, ó sì tún gbé e kọ́. Ìyá Àgbà rí i. Èmi náà rí i. A wo ara wa, a sì jọ ronú nǹkan kan náà. Lọ́jọ́ kejì, ìgò odindi la dà sí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ ìyá mi kí n tó dé ibi tó kù. Ẹ̀rọ ìlọta ni ìyá mi ní, níwájú ilé, lábẹ́ páànù. Gbogbo Ìkòsí ló ń gbé ata wá. Ẹ̀rọ yẹn náà ní bẹ́líìtì, gígùn, láti ara ẹ́ńjìnnì dé ara ibi tí ata ń gbà, ìyá mi sì ti ń bá a jà láti ìgbà tó ti wà ní omidan. Ó ti sọ fún bàbá mi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo mọ́tò náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá mi dá a lóhùn bákan náà: "Ìyá Sìkírá, ata lò ń lọ̀. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò nìyí."

Ní alẹ́ Fúráìdè, lórí ẹ̀bà, bàbá mi tún sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi fi òkèlè sílẹ̀. "Bàbá Sìkírá, kí lẹ rò pé ó ń yí ẹ̀rọ ata mi? Àdúrà?"

Bàbá mi wo báàgì lórí ìṣó. Ó jẹun tán. Ó ní, "Ó dáa. Lọ́la."

Ní Sátidé, Múfú ti dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò bí ẹni tó wá síbi òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì mọ́kànlá jáde sí ojú ilẹ̀kùn. Ìyá mi dé láti ìdí ẹ̀rọ, ata ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgunpá, ó mú ife omi kan dání. "Ẹ tan án." Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò han, àwọn ọmọ ọwọ́ dáhùn. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, kò di ojú, ó la á. Ó ń sọ̀rọ̀ láìwo ẹnikẹ́ni, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń kọ́ ọmọṣẹ́. "Tí mo bá wọ́n omi sí i tó dákẹ́ díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, púlì ni kò gún. Tí mo bá wọ́n omi sí i tó wá han ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ó dẹ̀." Ó ta omi sí bẹ́líìtì. Gbogbo wa dúró. Omi náà kò wọlé, kò tàn. Ó di róbótó róbótó, ó ń yí lórí rọ́bà náà, ó ń fò dànù, gẹ́lẹ́ bí omi lórí ewé kókò. Ìyá mi ta òmíràn. Bákan náà. "Ẹ pa á," ó ní.

Nígbà tí ohun gbogbo dúró, ó fi ìka kan, èyí tí ata kò dé, pa ara bẹ́líìtì. Ó wo ìka náà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi ojú ara mi rí i, ó fi í kan ahọ́n. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó gbé orí sókè wẹ́rẹ́, ó wo abẹ́ òrùlé, níbi tí Ìyá Àgbà ti ń ṣa ẹ̀wà, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò kan nínú ẹ̀wà náà tó gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ó wo èmi. Èmi ń wo adìyẹ kan.

"Kí lo rí?" ni bàbá mi bèèrè.

"Òróró ló wà lára ẹ̀."

Múfú fò sókè. "Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnnì ń jò."

"Ó ń jò láti ibì kan," ni ìyá mi wí. "Mo mọ ibẹ̀. Màá dí i."

"Níbo?" ni bàbá mi tún bèèrè.

"Bàbá Sìkírá, ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tó ti ń jò ni, àbí ẹ fẹ́ lọ sí Magodo lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

Bàbá mi ní Magodo ni. Ìyá mi wá ń pàṣẹ, Múfú sì ń ṣe é, ohun tí mi ò rò pé mo lè rí láyé. Wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo púlì, wọ́n fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dún kíwín lábẹ́ ìka. Wọ́n ju rọ́bà tó ti mu epo náà nù, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n sì fà á le. Ìyá mi fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín. "Kò gbọdọ̀ wọlé ju oríkèé kan lọ. Tó bá le jù, á pa ohun tó ń fà. Tó bá dẹ̀ jù, á han." Ó wọ́n omi sí i, omi tàn dáadáa. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ń mí bí àgbàlagbà tó sùn lẹ́yìn oúnjẹ. Láńlọ́ọ̀dù ṣí fèrèsé láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi kí i, "Ẹ káàárọ̀, sà," pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ díẹ̀, láńlọ́ọ̀dù kò sì mọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi dárí jì í.

Dídí tó kù, ìyá mi ṣe é lọ́sàn-án, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn nítòsí àyàfi èmi. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó gbé ìgò epo ìdajì fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ìyá, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀kùn mọ́tò yìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ké, pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. Èmi ò ráyè, Múfú ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá wa máa fi epo sí ìdí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jó yín lọ́wọ́."

Ìyá Àgbà gba ìgò náà. "Àwọn ilẹ̀kùn yẹn," ó ní, "mo ti ń wò wọ́n tẹ́lẹ̀."

Ìyá mi dìde, ó wọlé, ó sun iṣu, ó da epo lé e lórí títí iṣu náà fi lúwẹ̀ẹ́, ó sì gbé e síwájú mi. "Jẹ ẹ́," ó ní. "O ti jìyà ẹ̀ sílẹ̀." Kò tún sọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ló wo mọ́tò náà sàn, pé oògùn ló kàn pẹ́ kó tó jẹ́. Ilẹ̀kùn mọ́tò wa kò sì ké mọ́ láyé.

Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Ní Mọ́ńdè, oòrùn ló jí mi. Ó ti wọlé dé orí ẹní. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ìṣó ṣófo. Mo sáré jáde: ojú ibi tí mọ́tò ń dúró sí, ilẹ̀ nìkan, tí Ìyá Àgbà ti gbá. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo ti mọ ohun tí ìṣó òfìfo ń sọ, mo kà á ju gbogbo ìwé mi lọ. Mo lọ sẹ́yìn páànù ìyá mi, mo jókòó sáàárín àpò ata, mo sunkún débi tí àwọn oníbàárà fi rò pé ata ló wọ̀ mí lójú. Mi ò lọ síléèwé. Mo wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán, nígbà tí ojú bàtà méjì dúró níwájú mi. Bàbá mi ni. Wọ́n ti ṣí géètì fún un ní Magodo, mẹ́gáàdì tilẹ̀ bẹ́rí fún un.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Mi ò gbọ́ yín."

Ó ní, "Gbogbo Ìkòsí ló ń dúpẹ́ pé àwọn ò gbọ́ mi. Ìwọ ń sunkún."

"Báàgì yín ò sí lórí ìṣó."

Ìyá mi, tí kò dá ẹ̀rọ dúró, fi ẹnu júwe ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ègé aṣọ dúdú mẹ́rin wà níbẹ̀, ata ti kùn wọ́n. Ó ti gé báàgì náà, ó fi í ṣe àkísà tí yóò máa fi nu ẹ̀rọ. Bàbá mi wo àkísà náà. Ó wo ìyá mi. "Ìyá Sìkírá, báàgì mi dà?" Ìyá mi ní, "Ó ń ṣiṣẹ́." Láti ọjọ́ kejì, kí bàbá mi tó jáde láàárọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ fèrèsé wa, gbà, gbà. Màá yí ẹ̀gbẹ́ padà, màá tún sùn.

Lónìí, ọ̀dọ̀ mi ní Alápẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi ń gbé. Bí àlejò bá wá, ó máa ń sọ fún wọn bí òun ṣe fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò tí odindi mẹkáníìkì kò mọ̀. Èmi a máa gbé omi fún àlejò náà. Bọ́ọ̀sì kékeré tí mo fi ń kó ata láti Mile 12 ti bẹ̀rẹ̀ sí í han láàárọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mẹkáníìkì mi wá, ó di ojú, ó tẹ orí. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mummy, bẹ́líìtì ti dẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ jẹ́ n fà á le báyìí." Mo ní mo mọ̀ pé ó dẹ̀, mo ti wọ́n omi sí i. Mo ní kó fi í sílẹ̀ ná, kó wá lọ́jọ́ Sátidé, tí kò bá sí ìsọmọlórúkọ. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Bàbá mi ń gbọ́ wa láti yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọkùnrin náà lọ, mo gbọ́ tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri, lẹ́ẹ̀mejì.